Súwìṣì Fáànù Balùwẹ̀: Ohun Tó Yẹ Kí Onílé Ìsàlẹ̀ Èkó Mọ̀

Láti Ìdúmàgbò dé Ọ̀fìn, láti Èbúté Èrò dé Ìta Fájì, ilé fẹ̀yìn ti ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọ̀nà tó wà láàárín ògiri kan àti èkejì kì í sábà ju ibi tí ènìyàn kan lè fẹ̀gbẹ́ gbà kọjá lọ. Ẹ̀yìnkùlé tàbí abẹ́ àtẹ̀gùn ni balùwẹ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń wà, bó bá sì ní fèrèsé, ògiri aládùúgbò ni fèrèsé náà kọjú sí. Ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè máa lo balùwẹ̀ kan ṣoṣo. Láti ìdájí, kí àwọn ọmọ tó lọ sílé ìwé, kí àwọn ọlọ́jà tó gba Ìdúmọ̀tà lọ, bí ẹnì kan ti ń jáde ni ẹlòmíràn ń wọlé. Ooru omi gbígbóná á gun òkè àjà, kò ní rọ́nà jáde. Ògiri á máa làágùn, ọ̀dà á máa ṣí, èéhù dúdú á máa ràn láti igun kan dé èkejì, pákó ilẹ̀kùn á sì wú títí tí kò fi ní ṣeé tì mọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ onílé ti ń ṣe sí i ni pé kí wọ́n lu ògiri tàbí àjà, kí wọ́n fi fáànù kékeré tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde síbẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn fáànù yìí ni kò ní súwìṣì níbi tí ọwọ́ lè tó. Òmíràn ní okùn tàbí bọ́tìnnì lára ara rẹ̀ lókè. Òmíràn ni wọ́n so pọ̀ mọ́ gílóòbù, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti pa iná ni òun náà á kú. Òmíràn ni wọ́n so tààrà mọ́ wáyà, kò sì sí ohun tó ń pa á àfi kí iná lọ. Fáànù tí ará ilé kò bá lè tàn nígbà tó yẹ, tí wọn kò sì lè pa nígbà tó yẹ, kò lè gba ògiri sílẹ̀ lọ́wọ́ èéhù. Súwìṣì kan lára ògiri, níta ilẹ̀kùn, ló ń sọ ọ́ di ohun tí tọmọdé tàgbà lè lò. Ọ̀nà tó tọ́ wà láti fi í sí i, ọ̀nà tó lè pa ènìyàn náà sì wà. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Èkó àti ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ inú ilé

Ọ̀rọ̀ ilé tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀ kì í ṣe tuntun ní Èkó. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ nínú ìlú, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìjọba amúnisìn sọ pé ilé tó há gádígádí ló ń bọ́ àrùn náà. Ní 1928, wọ́n dá àjọ tí wọ́n ń pè ní Lagos Executive Development Board sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe. Ní 1955, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láàárín gbùngbùn Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Ìdílé tó kúrò nílé bàbá rẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀ kò gbàgbé, ọ̀pọ̀ ni kò sì padà wá mọ́.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa ni pé ilé tó há ṣì lè dára fún ènìyàn láti gbé, bí a bá mọ bí a ṣe ń fún un ní afẹ́fẹ́. Èkó wà láàárín òkun àti ọ̀sà. Ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ́pọ̀ oṣù ọdún. Òjò rẹ̀ máa ń le jù ní oṣù Kẹfà, á dáwọ́ díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, á sì tún padà ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ògiri tó tutù kì í dá gbẹ. Ohun tó ń gbé ọ̀rinrin jáde la gbọ́dọ̀ wá.

Iṣẹ́ tí fáànù ń ṣe gan-an

Òfin ilé kíkọ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé fáànù balùwẹ̀ gbọ́dọ̀ lè fa ó kéré tán lítà 15 afẹ́fẹ́ jáde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ jẹ́ ká fi wọn balùwẹ̀ tiwa wò. Balùwẹ̀ tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 7, tó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 9, gba afẹ́fẹ́ tó tó lítà 8,900. Fáànù tó ń fa lítà 15 á pààrọ̀ gbogbo afẹ́fẹ́ ibẹ̀ láàárín bí ìṣẹ́jú 10. Nítorí náà, bí a bá jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí ẹni tó wẹ̀ kẹ́yìn ti jáde, afẹ́fẹ́ inú balùwẹ̀ á ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì.

Ibí yìí la ti rí ìdí àkọ́kọ́ tí fáànù fi gbọ́dọ̀ ní súwìṣì tirẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òun àti gílóòbù ló jọ ń lo súwìṣì kan, ẹni tó bá jáde á pa iná, fáànù á sì kú ní àkókò tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí súwìṣì bá sì wà lára fáànù lókè àjà, ọmọ ọdún mẹ́jọ kò lè tó o, màmá àgbà tí orúnkún ń dùn kò sì ní gun àpótí nílẹ̀ tó tutù nítorí rẹ̀.

Ohun méjì mìíràn wà tí fáànù nílò kó tó lè ṣiṣẹ́. Èkíní ni ibi tí afẹ́fẹ́ mìíràn yóò gbà wọlé. Bí ilẹ̀kùn bá kanlẹ̀ pátápátá, fáànù á kàn máa pariwo lásán ni. Kí àlàfo tó tó ìdajì ínńṣì wà lábẹ́ ilẹ̀kùn. Èkejì ni ibi tí afẹ́fẹ́ ń jáde sí. Ìta gbangba ló gbọ́dọ̀ bọ́ sí. Bó bá jẹ́ pé inú àjà ló ń tú u sí, pákó òrùlé ni yóò jẹ ìyà náà.

Fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde ń fa òmíràn wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ kan bá ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, èéfín rẹ̀ ni fáànù yóò máa fà wọ inú ilé. Èéfín yẹn ní májèlé kan nínú tí kò láwọ̀, tí kò sì ní òórùn, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ ìdílé lójú oorun ní orílẹ̀-èdè yìí. Kí ẹnikẹ́ni tó fi fáànù sí balùwẹ̀, kó kọ́kọ́ gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò ní tòsí ilẹ̀kùn àti fèrèsé.

Iná méjì ló wà nínú ilé wa báyìí

Iná mànàmáná dé Èkó ní 1896. Ní àádọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìyẹn ní 1950, ìjọba dá àjọ oníná tí wọ́n ń pè ní ECN sílẹ̀. NEPA gorí àlééfà ní 1972, PHCN tẹ̀ lé e ní 2005, ìjọba sì fa ilé-iṣẹ́ apínnáká lé àwọn aládàáni lọ́wọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2013. Eko Electricity Distribution Company ló ń pín iná ní Erékùṣù Èkó báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé NẸ́PÀ náà la ṣì ń pè é. Iná yìí jẹ́ fóólítì 230, ó sì ń lọ, ó ń bọ̀ nínú wáyà nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Iná kejì ni ti bátìrì àti sólà. Ìyẹn jẹ́ fóólítì 12 tàbí 24, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì ń ṣàn sí. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń gbé inú mọ́tò tí wọ́n sọ di ilé mọ iná yìí dáadáa. Fáànù fóólítì 12 ló wà lórí òrùlé balùwẹ̀ mọ́tò wọn, bọ́tìnnì rẹ̀ sì máa ń wà lára fáànù lókè níbi tí ọwọ́ ẹni kúkurú kò dé. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń fa wáyà sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n ń fi súwìṣì sára ògiri. Ìṣòro tiwọn ti di tiwa. Látìgbà tí epo ti gbowó lórí, fáànù sólà fóólítì 12 ti kún ọjà Alábà, wọ́n sì ti ń gbé e wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, yàrá àti balùwẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ẹni tó bá fẹ́ fi súwìṣì sí fáànù rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ara fáànù náà, níbi tí wọ́n kọ iye fóólítì sí. Ohun tó bá kọ síbẹ̀ ló ń pinnu gbogbo ohun tó kù.

Ibi tí súwìṣì yóò wà

Ọwọ́ tó tutù kò gbọ́dọ̀ pàdé iná fóólítì 230. Awọ ara tí omi wà lára rẹ̀ kì í dènà iná bíi ti awọ gbígbẹ, ilẹ̀ balùwẹ̀ tó rin gbingbin sì ń fún iná ní ọ̀nà láti gba ara ènìyàn kọjá lọ sínú ilẹ̀. Ìlànà iṣẹ́ iná ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ iná wa ti kọ́, pín balùwẹ̀ sí agbègbè agbègbè, kò sì gba súwìṣì ògiri lásán láyè láàárín bí ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ibi tí ènìyàn ti ń wẹ̀. Balùwẹ̀ tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5 péré kò ní ibi tí omi kò lè ta dé. Nítorí náà, ìta ilẹ̀kùn ni súwìṣì gbọ́dọ̀ wà.

Kó wà ní ẹ̀gbẹ́ tí ilẹ̀kùn ti ń ṣí, kì í ṣe ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kó ga tó bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sílẹ̀, kí ọmọdé lè tó o. Bó bá jẹ́ pé ìta ilẹ̀kùn jẹ́ àgbàlá tí òjò ń rọ̀ sí, súwìṣì oníròbà tó ní ìdérí tí omi kò lè wọ̀ ni kí wọ́n rà. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn àfi kó wà nínú, súwìṣì olókùn tó wà lókè àjà ni kí wọ́n lò, nítorí okùn rẹ̀ nìkan ni ọwọ́ yóò máa kàn.

Láìfù ni súwìṣì ń gé

Wáyà mẹ́ta ló ń lọ síbi fáànù: láìfù tó ń gbé iná bọ̀, níútírà tó ń dá a padà, àti ẹ́ẹ̀tì tó ń gbé iná tó bá ṣi ọ̀nà lọ sínú ilẹ̀. Súwìṣì ò yàtọ̀ sí ẹnu ẹ̀rọ omi. Ibi tí omi ti ń bọ̀ la ti ń tì í, kì í ṣe ibi tó ń dà sí. Lára láìfù ló gbọ́dọ̀ wà.

Bí wọ́n bá ṣèèṣì fi í sára níútírà, fáànù á máa tàn, á sì máa kú bó ṣe yẹ, kò sì ní sí ẹni tó máa fura. Àmọ́ iná ṣì wà nínú ara fáànù náà nígbà tí wọ́n bá ti pa á. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá gun àkàbà láti nu eruku ara rẹ̀, tó sì gbà pé òun ti pa súwìṣì, iná lè gbá a. Irú àṣìṣe yìí lè wà nínú ilé fún ogún ọdún láìjẹ́ pé a mọ̀, títí di ọjọ́ tí yóò ṣọṣẹ́.

Báwo la ṣe ń mọ láìfù? Nínú ilé àtijọ́, wáyà pupa ni láìfù, dúdú ni níútírà. Nínú ilé tuntun, aláwọ̀ igi ni láìfù, aláwọ̀ búlúù ni níútírà, nítorí pé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ yí àwọ̀ wáyà rẹ̀ padà ní 2004. Aláwọ̀ ewé àti ìyeyè ni ẹ́ẹ̀tì. Ilé Ìsàlẹ̀ Èkó kan lè ní wáyà ìgbà ECN, ti ìgbà NEPA àti ti àná nínú ògiri kan náà. Àwọn oníṣẹ́ mìíràn sì ti lo èyíkéyìí tó bá wà lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, àwọ̀ kò tó ẹ̀rí. Tẹ́sítà ni kí a gbà gbọ́, tẹ́sítà náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a ti dán wò. Ẹ fi kan ibi tí ẹ mọ̀ dájú pé iná wà, ẹ fi kan ibi iṣẹ́, kí ẹ sì tún fi kan ibi àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí kò bá tàn ní ibi àkọ́kọ́ lẹ́yìn náà, tẹ́sítà ti bàjẹ́, ohun tó sọ nípa ibi iṣẹ́ kò sì ní láárí.

Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ lórí iná fóólítì 230

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni pípa iná. Ní Èkó, ìyẹn ju ohun kan ṣoṣo lọ. Kì í ṣe ìgbà tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ ni àkókò iṣẹ́, nítorí iná náà lè dé láìkan ilẹ̀kùn. Ẹ pa bírékà, kí ẹ fi ṣéńjófà sáàárín, kí ẹ pa jẹnẹrétọ̀, kí ẹ sì pa ínfátà. Ínfátà ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ jù, nítorí pé kì í pariwo. Ó lè máa rán fóólítì 230 láti inú bátìrì sínú wáyà nígbà tí gbogbo àdúgbò wà lókùnkùn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa gbogbo rẹ̀, ẹ fi ẹnì kan ṣọ́ bírékà, kí ẹlòmíràn nínú ilé má baà wá gbé e sókè.

Ibi tó rọrùn jù láti gba láìfù ni inú àpótí súwìṣì gílóòbù balùwẹ̀, bó bá ti wà níta ilẹ̀kùn tẹ́lẹ̀. Wọ́n á yọ súwìṣì olójú kan, wọ́n á fi olójú méjì rọ́pò rẹ̀, ojú kan fún gílóòbù, ojú kejì fún fáànù. Láìfù tó wà níbẹ̀ á wọ ẹnu ọ̀nà àwọn ojú méjèèjì. Wáyà tuntun kan á wá gba ojú kejì jáde lọ síbi fáànù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni níútírà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, kò sí níútírà nínú àpótí súwìṣì rárá. Wáyà méjì tó wà níbẹ̀ ni láìfù tó ń bọ̀ àti èyí tó ń gòkè lọ síbi gílóòbù. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé dúdú tó rí níbẹ̀ ni níútírà, á so fáànù mọ́ ọn, fáànù kò sì ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Òkè, níbi tí gílóòbù wà, la ti ń rí níútírà. Láti ibẹ̀ ni kí wọ́n ti gba níútírà àti ẹ́ẹ̀tì fáànù.

Ẹ má ṣe yá níútírà yàrá ẹlòmíràn lò. Nínú ilé tí ayálégbé kọ̀ọ̀kan ti ní mítà iná tirẹ̀, wáyà yàrá mẹ́ta lè pàdé lókè àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Bí láìfù bá wá láti mítà Ìyá Bùsọ́lá, tí níútírà sì padà sí ti Bàbá Kẹ́mi, Bàbá Kẹ́mi lè pa bírékà tirẹ̀ láti ṣiṣẹ́, kí iná ara fáànù sì gbá a láti inú níútírà tó rò pé kò ní nǹkan kan nínú. Láìfù àti níútírà gbọ́dọ̀ wá láti ojú ọ̀nà kan náà, láti abẹ́ bírékà kan náà.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Wáyà oníkọ́pà tó jẹ́ 1.5 mm² tó fún gílóòbù àti fáànù, bírékà áńpù 6 tàbí 10 ló sì yẹ kó máa ṣọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n so ó mọ́ ojú ọ̀nà ẹ̀rọ amúlétutù tàbí ti omi gbígbóná, tí bírékà rẹ̀ tóbi, nítorí wáyà tín-ínrín lè jó kí bírékà ńlá tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Gbogbo ibi tí wáyà bá ti pàdé wáyà, inú kọ̀nẹ́ktọ̀ ni kó wà, kí kọ̀nẹ́ktọ̀ náà sì wà nínú àpótí tó ní ìdérí. Lílọ́ wáyà pọ̀ kí a fi téèpù wé e lókè balùwẹ̀ kò tọ́. Ọ̀rinrin á tú téèpù náà.

Ògiri náà fẹ́ ìtọ́jú. Ilé àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó padà dé láti Bùràsíìlì, àti àwọn ilé àtijọ́ mìíràn ní ògiri tí kì í ṣe sìmẹ́ńtì òde òní, bí wọ́n bá fi òòlù àti kísẹ́ẹ̀lì gbẹ́ ẹ, odidi ègé lè já. Ọ̀kan lára wọn, Ilé Ìlọ́jọ̀ tó wà ní Ìta Tinúbú tẹ́lẹ̀, tí ìjọba ti kéde gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, ni wọ́n wó ní 2016. Àwọn ilé irú rẹ̀ tó ṣẹ́kù kò pọ̀. Fún irú ògiri bẹ́ẹ̀, páìpù oníròbà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kàn mọ́ ojú ògiri ló dára jù. Bó bá sì di dandan kí wọ́n gbẹ́ ògiri, kí wáyà lọ lóròó tààrà láti súwìṣì sókè, kí ẹni tó bá fẹ́ kan ìṣó lọ́jọ́ iwájú lè mọ ibi tó wà.

Bó bá jẹ́ fáànù sólà fóólítì 12

Iná fóólítì 12 kì í gbá ènìyàn, ìdí sì nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń fojú kékeré wò ó. Àmọ́ ó lè jó ilé. Bí wáyà rere àti wáyà òdì bátìrì bá fara kanra, ọgọ́rọ̀ọ̀rún áńpù lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wáyà á sì pọ́n bí ẹ̀yinná kí ẹnikẹ́ni tó sáré dé ibẹ̀. Nítorí náà, fíùsì ni ohun àkọ́kọ́. Kó wà lára wáyà pupa, kò gbọ́dọ̀ jìn ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí orí bátìrì. Fíùsì áńpù 5 tó fún fáànù tó ń lo áńpù 2.

Láti ara fíùsì, wáyà pupa á lọ sí súwìṣì, láti súwìṣì á lọ sí fáànù, wáyà dúdú á sì padà tààrà. Bó bá jẹ́ pé ìdíwọ̀n sólà (charge controller) ní ibi tí wọ́n ń so ohun tó ń lo iná mọ́, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti gbà á, kó lè máa pa fáànù fúnra rẹ̀ bí bátìrì bá ti rẹ̀. Ẹ má ṣe so pupa mọ́ ibi dúdú. Fáànù mìíràn á máa yí sẹ́yìn, á máa ti afẹ́fẹ́ ìta wọlé dípò kó fà á jáde. Òmíràn á kàn jóná ni.

Ìwọ̀n wáyà ṣe pàtàkì níbí ju ti NẸ́PÀ lọ. Fáànù wáàtì 24 ń lo áńpù 2 lórí fóólítì 12, àmọ́ irú rẹ̀ kò lo ju bí ìdá mẹ́wàá áńpù kan lọ lórí fóólítì 230. Bí bátìrì bá jìn sí balùwẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 25, wáyà 1.5 á gba bí fóólítì 0.4 jẹ lójú ọ̀nà, èyí kò burú. Wáyà tín-ínrín ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí àwọn kan ń lò, á gba ju fóólítì 1 lọ, fáànù á sì máa yí bí ẹni tí kò tíì jẹun.

Súwìṣì náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Iná NẸ́PÀ máa ń dé orí òdo nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà, ẹ̀tàpá tó bá tàn nínú súwìṣì nígbà tí a ń pa á máa ń kú fúnra rẹ̀. Iná bátìrì kì í dé orí òdo rárá. Ẹ̀tàpá rẹ̀ lè dúró pẹ́, kó sì máa jẹ irin inú súwìṣì. Lórí fóólítì 12 àti áńpù 2, súwìṣì ògiri tó dára lè gbà á. Bí sólà bá ti fẹ́ ga ju fóólítì 24 lọ, ẹ ra súwìṣì tí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó wà fún iná bátìrì.

Ìkìlọ̀ kan tún kù: fóólítì 12 àti 230 kò gbọ́dọ̀ jọ wà nínú àpótí kan tàbí páìpù kan. Ẹ má sì fi sókẹ́ẹ̀tì NẸ́PÀ ṣe sókẹ́ẹ̀tì fún iná bátìrì. Ọmọ kan á wá fi ẹnu wáyà fáànù fóólítì 12 sí ti NẸ́PÀ lọ́jọ́ kan, fáànù á sì jóná. Ẹ kọ "12" sára súwìṣì náà kí gbogbo ará ilé lè rí i.

Ìdánwò, ìnáwó àti ẹni tó yẹ kó ṣe é

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ tan fáànù, kí ẹ di ilẹ̀kùn, kí ẹ sì gbé ìwé tíṣù kan sún mọ́ ọn. Bó bá fà á mọ́ra tí kò jábọ́, afẹ́fẹ́ ń jáde. Bó bá jábọ́, ẹ wo abẹ́ ilẹ̀kùn tàbí ẹnu ibi tó ń tú afẹ́fẹ́ sí. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ẹ fi ọwọ́ gbígbẹ kan ojú súwìṣì. Bó bá gbóná, ìdè kan wà nínú tí kò le, ẹ pa á. Lákòótán, kí oníṣẹ́ iná pa súwìṣì, kó sì fi tẹ́sítà hàn yín níbi fáànù pé kò sí iná mọ́ níbẹ̀. Ìdánwò yìí ló ń fi hàn pé láìfù ni súwìṣì gé.

Nínú ilé alájọgbé, ìbéèrè tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ ni mítà ẹni tí fáànù yóò máa jẹ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Fáànù wáàtì 20 tó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì lójúmọ́ kò lo ju yúníìtì 1.2 lọ lóṣù. Owó rẹ̀ kéré sí owó ọ̀dà tí onílé máa fi kun ògiri tó hu èéhù. Kí àwọn ará ilé jókòó, kí wọ́n fẹnu kò, kí ẹni tí fáànù wà lórí mítà rẹ̀ máa gba ìdápadà tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé ẹbí, kí olórí ẹbí mọ̀ sí i kí ẹnikẹ́ni tó lu ògiri.

Onílé tó bá fara balẹ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ so fáànù fóólítì 12. Iná fóólítì 230 jẹ́ iṣẹ́ ẹni tó kọ́ ọ, tó ní ìwé ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ààbò iná mànàmáná, ló ń fún àwọn agbaṣẹ́ṣe iná ní ìwé àṣẹ. Kíkà àròkọ yìí kò sọ ẹnikẹ́ni di oníṣẹ́ iná, àmọ́ ẹni tó bá kà á yóò mọ ohun tó yẹ kó béèrè.

Ẹ̀yin onílé, ẹ̀yin olórí ẹbí, ẹ̀yin ayálégbé tí ẹ ń da owó jọ, ẹ bi oníṣẹ́ iná yín ní ìbéèrè mẹ́rin kó tó kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣé láìfù ni súwìṣì yìí ń gé? Ṣé láti ojú ọ̀nà kan náà ni níútírà rẹ̀ ti wá? Ṣé bírékà tàbí fíùsì tó bá wáyà mu ló ń ṣọ́ ọ? Ṣé ìta gbangba ni afẹ́fẹ́ ń jáde sí? Kó fi tẹ́sítà dáhùn lójú yín, kì í ṣe ẹnu lásán. Bí ìdáhùn kan ṣoṣo nínú wọn bá jẹ́ rárá, kó tún un ṣe kó tó gba owó.